Irin Kékeré Tó Ń Dáàbò Bo Bàálù

Nínú gbogbo ohun tó ń gba ọwọ́ mi kọjá nídìí iṣẹ́ àtúnṣe bàálù kékeré, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní gust lock ni mo fẹ́ràn jù. Kò ní mọ́tò, kò ní wáyà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń ṣọ́. Mo ka ṣíṣe rẹ̀ àti lílò rẹ̀ kún iṣẹ́ ọnà.

Ní agbègbè Houston ní ìpínlẹ̀ Texas tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìta gbangba ni ọ̀pọ̀ bàálù kékeré Cessna 172 ń sùn. Okùn la fi ń dè wọ́n mọ́lẹ̀ ní apá méjèèjì àti ní ìrù. Okùn lè mú bàálù dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kan aileron tó wà létí apá, kò kan elevator àti ìtọ́kọ̀ tó wà ní ìrù. Àwọn wọ̀nyí ni awakọ̀ fi ń darí bàálù lófuurufú, wẹ́rẹ́ ló sì yẹ kí wọ́n máa yí. Bí ìjì bá dé lóru, á máa gbá wọn sókè-sódò, gbà-gbà-gbà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a lè bá a pé àgbékọ́ wọn ti sán, tàbí pé okùn irin tó ń fà wọ́n ti dẹ̀. Èyí ni gust lock, lọ́ọ̀kì ìdarí, wà láti dènà: ó ń dè wọ́n kí wọ́n má lè yí.

Wíwo lọ́ọ̀kì Cessna 172 máa ń dùn mọ́ mi. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì fi páànù pupa kan sí lára. Ihò wà lórí ọ̀pá ọwọ́ ìdarí awakọ̀, ihò sì wà lára òrùka tí ọ̀pá náà gbà wọ inú dáṣíbọọ̀dù. Bí méjèèjì bá ṣe déédéé, irin náà á wọlé. Aileron á dúró ní agbedeméjì, etí ẹ̀yìn elevator á sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Ìdí pàtàkì wà fún rírẹlẹ̀ yẹn: bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti iwájú, á máa ti ìrù sókè, imú á sì máa tẹ̀ sílẹ̀, kí apá má baà fẹ́ gbé bàálù kúrò nílẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé páànù pupa náà máa ń bo ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sítáàtì ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn án. Ẹni tó ronú kan èyí mọ ọmọ aráyé, ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí kì í gbàgbé.

Irin yìí kì í de ìtọ́kọ̀. Níbi tí atẹ́gùn bá ti le, a ń fi ti ìta kún un: pátákó méjì tó ní fóòmù nínú, tí a fi bóòtì há ìtọ́kọ̀ mọ́ ìrù tó dúró lóòró, pẹ̀lú aṣọ pupa gígùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Oòrùn kì í pẹ́ mú kí pupa náà ṣá, iyanrìn á sì kó sínú fóòmù, á máa ha ọ̀dà. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀, n kì í dúró dìgbà tó bá já.

Ohun tí n kì í gbà fún ẹnikẹ́ni ni ìṣó. Bí irin ojúlówó bá sọnù, àwọn kan á wá ìṣó tàbí bóòtì kì bọ ihò náà. Ìṣó kò ní páànù pupa, kò bo ojú kọ́kọ́rọ́, ẹni tó ń kánjú lè má rí i rárá. Bó bá sì tín-ín-rín jù, á máa mì, á máa jẹ ihò náà.

Ìtàn ti kọ́ wa pé gbígbàgbé láti yọ lọ́ọ̀kì lè pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1935, bàálù Boeing 299, èyí tí bàálù ológun B-17 ti ara rẹ̀ jáde, gbéra ní Wright Field ní Ohio láìtú lọ́ọ̀kì rẹ̀. Ó já lulẹ̀. Ployer Hill tó wà á kú, Leslie Tower ti ilé iṣẹ́ Boeing náà kú lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìwé àyẹ̀wò tí awakọ̀ ń kà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, bàálù Gulfstream kan tí wọn kò tú lọ́ọ̀kì rẹ̀ sáré kọjá òpin ọ̀nà ìgbéra ní Bedford, Massachusetts, ó gbiná, ènìyàn 7 sì kú. Àwọn olùwádìí rí i pé nínú ìgbéra 175 tó ṣáájú, ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn awakọ̀ náà kò ti yẹ ìdarí wò dé òpin.

Nítorí náà, bí mo bá yọ lọ́ọ̀kì, iṣẹ́ kò tíì tán. Màá di ọwọ́ ìdarí mú, màá na àtàǹpàkò sókè, màá yí i: apá tí àtàǹpàkò bá kọjú sí ni aileron gbọ́dọ̀ ti lọ sókè. Màá fà á, màá tì í dé ibi tó mọ, etí mi á sì wà níbẹ̀ bóyá nǹkan ń ha.

Ẹ̀yin tí ẹ ní bàálù, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ bàálù ní Zaria àti ní Ìlọrin, ẹ má fi ìṣó rọ́pò ojúlówó. Ẹ fi lọ́ọ̀kì sí i ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fi bàálù sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín yọ ọ́, kí ẹ sì yí ìdarí dé òpin kí ẹ tó gbéra.