Ìpàgọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ àti Tábìlì Kọ́ríńtì

Bí a bá bi ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìpàgọ́ ìjọ dé pé kí ni ó rántí, díẹ̀ ni yóò sọ nínú ìwàásù. Yóò sọ ti ìlà omi ní agogo márùn-ún ìdájí, ti ẹni tí kò mọ̀ rí tó yá a ní garawa, ti gàárì tí ènìyàn mẹ́fà fi ṣíbí kan mu. Kí èyí má bí ẹ̀yin oníwàásù nínú. Àwa náà ti wàásù níbẹ̀, a sì mọ bí ojú àwọn ọmọ ṣe ń rí ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Èrò wa ni pé ìdí ìlà omi yẹn ni ìdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, àti pé àwa fúnra wa la ń fi owó bà á jẹ́.

Nínú Léfítíkù 23:42-43, gbogbo ìbílẹ̀ Ísírẹ́lì ni Ọlọ́run ní kí ó gbé inú àgọ́ fún ọjọ́ méje. Onílé ńlá yóò fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, nítorí inú àgọ́ ni àwọn baba rẹ̀ gbé nígbà tí wọ́n jáde ní Íjíbítì. Deutarónómì 16:14 ka àwọn tí yóò jọ yọ̀ níbi àjọ náà: ọmọ ẹni, ìránṣẹ́, ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba, opó.

Ẹ wá wo fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ìpàgọ́ wa lónìí. Owó gbọ̀ngàn wà lọ́tọ̀, owó yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin wà lọ́tọ̀, owó yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù wà lọ́tọ̀. Ọmọ alàgbà gbé kúlà oúnjẹ tirẹ̀ wá. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tò fún ìrẹsì. Ní alẹ́, wọ́n jọ kọrin, wọ́n jọ fèdè fọ̀, kálukú sì gba ibùsùn tirẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ sọ fún wa pé ibi pẹpẹ nìkan ni òun ti rí àwọn tí àwọn jọ wà ní kíláàsì Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, fún odindi ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó yá, kò wá sí ìpàdé ọ̀dọ́ mọ́. A bi í léèrè. Ó ní, "Ẹgbẹ́ mi kọ́ ni wọ́n, sà."

Ohun tí Pọ́ọ̀lù bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí nìyí (1 Kọ́ríńtì 11:20-22). Ebi ń pa ẹnìkan, ọtí ń pa ẹlòmíràn, àpọ́sítélì sì sọ pé oúnjẹ Olúwa kọ́ ni wọ́n ń jẹ. Kò ní kí wọ́n túbọ̀ gbàdúrà kíkankíkan níbẹ̀.

Àwọn olùtọ́jú ìpàgọ́ ní èsì, èsì náà kò sì kéré: owó yàrá la fi ń ra dísù àti ìrẹsì àwọn tí kò ní. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ sùn sórí sìmẹ́ǹtì tútù. Kí yàrá jẹ́ ti irú wọn nígbà náà, kí òbí tó lówó sì fi iye kan náà sílẹ̀ bí ọrẹ, láìgba kọ́kọ́rọ́ kankan. Bí wọn kò bá fẹ́ san án bẹ́ẹ̀, a ó mọ ohun tí wọ́n ń rà tẹ́lẹ̀.

Kí àwa olùkọ́ àti olùṣọ́-àgùntàn kọ́kọ́ kó ọmọ tiwa lọ sí gbọ̀ngàn. Ìpàgọ́ oṣù kẹjọ kò tíì dé; a ṣì lè tún fọ́ọ̀mù náà tẹ̀.