Momo, Tsampa àti Ìtàn Ọ̀bọ ní Parkdale

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ 501 lójú pópó Queen ní Toronto, tó forí lé ìwọ̀-oòrùn, yóò dé Parkdale, tí àwọn kan ń pè ní Tibet Kékeré. Ìran àwọn tó sá lọ sí Íńdíà àti Nepal lẹ́yìn ọdún 1959, nígbà tí Dalai Lama sá kúrò ní Lhasa, ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn àkọ́kọ́ tí ìjọba Kánádà gbà, díẹ̀ lé ní 200, bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní 1971. Ọ̀pọ̀ àwọn ti Parkdale dé lẹ́yìn náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Tibet ló mú mi lọ jẹun níbẹ̀. Momo ni gbogbo èèyàn ń bèèrè: ẹran màlúù lílọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé, tí wọ́n wá fi ooru omi sè. Ó dùn, àmọ́ fún ẹnu Yorùbá, ó tẹ́ díẹ̀ láìsí sepen, ata wọn. Ẹ bù ú sí i dáadáa jàre! Tíì bọ́tà wọn ló lè da èèyàn láàmú, torí iyọ̀ ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ṣúgà. Ẹ má pè é ní tíì lọ́kàn yín. Ẹ pè é ní omi ọbẹ̀, á wọlé wẹ́rẹ́.

Tsampa ló gbà mí lọ́kàn jù. Ọkà báálì ni wọ́n yan, tí wọ́n lọ̀ kúnná. Ẹ da tíì bọ́tà sí i, ẹ fọwọ́ pò ó nínú àwo, ó parí. Ṣé gàrí kọ́ nìyẹn? Iná ti kàn án tẹ́lẹ̀, arìnrìn-àjò lè gbé e sápò.

Ìdí oúnjẹ yìí ni ìtàn wà. Wọ́n ní ọ̀bọ kan tó ń ṣàṣàrò nínú ihò àpáta àti abo iwin kan ló bí ìran Tibet. Nígbà tí ebi fẹ́ pa àwọn ọmọ wọn, Chenrezig, ẹni mímọ́ aláàánú, fún wọn ní ọkà. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni irun ara wọn ń dínkù, tí ìrù wọn ń kúrú, títí wọ́n fi di èèyàn. Ẹni tó jẹ onírẹ̀lẹ̀ mú ti bàbá. Oníjàgídíjàgan mú ti ìyá. Abájọ tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní ajẹ-tsampa, láti agbègbè yòówù kí wọ́n ti wá.

Àbùkù tí mo rí ni pé ìwé oúnjẹ orí tábìlì kò sọ ìkankan nínú èyí. Orúkọ àti iye owó nìkan ló wà níbẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọ̀rẹ́ mi ni, ǹ bá jẹ momo, ǹ bá sanwó, ǹ bá máa lọ.

Àmọ́ àwa náà ńkọ́? Yẹ̀yẹ́ la fi oúnjẹ ṣe láàárín ara wa: Èkìtì ajẹyán, Ìbàdàn alámàlà, Ìjẹ̀bú onígàrí. Ọmọ wa á jẹ àmàlà tán láìgbọ́ ìtàn kankan. Ọmọ Tibet kò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Lhasa bó ṣe wù ú, ìdí nìyẹn tí abọ́ kan fi di ilé fún un. Àwa lè wọ bàálù lọ sí Èkó, la ṣe dẹwọ́.

Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ bèèrè tsampa, ẹ mú àwọn ọmọ dání. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ti ọ̀bọ tán, ẹ sọ ti Odùduwà fún wọn, àti àkùkọ tó tan iyẹ̀pẹ̀ ká ní Ifẹ̀. Ní Yorùbá ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ o.