Ìyà inú ilé lójú òfin ìwọ̀lú: àtúnyẹ̀wò ìdájọ́ Kasinga (1996)

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1996, ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwọ̀lú ní Amẹ́ríkà fún Fauziya Kassindja ní ibi ìsádi. Kpalimé ló ti wá, ìlú tí òun àti Datcha jọ wà ní ẹkùn Plateaux ní Togo. Orúkọ rẹ̀ tí àwọn aṣọ́bodè ṣì kọ, Kasinga, ni ìdájọ́ náà ń jẹ́ títí dòní. Ìdájọ́ yìí ló kọ́kọ́ fi í lélẹ̀ fún àwọn adájọ́ ìwọ̀lú pé ìbẹ̀rù dídá abẹ́ tó fún obìnrin láti fi wá ààbò. Ìyìn tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ní àléébù.

Ọ̀rọ̀ ilé ni ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Fauziya kò gbà kí wọ́n dá abẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1993, arábìnrin rẹ̀ gba àṣẹ ilé, ó lé ìyá ọmọ náà jáde, ó sì fi ọmọ ọdún 17 fún ọkùnrin ẹni ọdún 45 tó ti ní ìyàwó mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ dá abẹ́ fún un kó tó wọlé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló mú un sá.

Àdéhùn Geneva ti 1951 kò dárúkọ ìyà inú ẹbí. Ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, èrò òṣèlú àti ẹgbẹ́ àwùjọ kan pàtó ló kà sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà wá fi Fauziya sínú ẹgbẹ́ kan: àwọn ọ̀dọ́bìnrin Tchamba-Kunsuntu tí wọn kò tíì dá abẹ́ fún, tí wọ́n sì kọ̀ ọ́. Ìgbéyàwó tipátipá kò sí nínú àpèjúwe yẹn. Ọ̀ràn ilé di àṣà ẹ̀yà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ẹ̀yà náà ni bàbá tó kọ̀ ọ́.

Ní 1999, ìgbìmọ̀ kan náà kọ ẹ̀bẹ̀ Rodi Alvarado láti Guatemala, ẹni tí ọkọ rẹ̀ lù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọlọ́pàá kò dáhùn. Adájọ́ ìlú rẹ̀ ní òun kò ní dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ìgbìmọ̀ gbà pé òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n ní kì í ṣe nítorí ẹgbẹ́ kankan ni ọkọ fi ń lù ú. Ó di 2009 kó tó rí ibi ìsádi.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin Datcha kan, ọmọ Ifẹ̀, sí ipò yẹn. Wọn yóò bi í pé ṣé àṣà yín ni kí ọkọ máa lu aya. Bó bá ní rárá, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti purọ́ mọ́ gbogbo ọmọ Ifẹ̀. Kò yẹ kí òfin fi ẹnikẹ́ni sáàárín méjèèjì.

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ohun tó yẹ ní wíwọ̀n ni pé: ta ló láṣẹ lórí obìnrin náà, ta ló ké pè, kí ni wọ́n sì fi dá a lóhùn? Ìdáhùn wà nínú ìwé ẹjọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni ìgbìmọ̀ fi ṣe òpó ìdájọ́.