Agbanipa Nínú Sinimá Yorùbá

Agbanipa ni ẹni tó gba owó tàbí àṣẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti pa ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kò bá jà. Ó ti pẹ́ nínú sinimá Yorùbá, láti ìgbà eré tẹlifíṣọ̀n títí dé ìgbà fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ipò tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti akẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun. Nínú Le Samouraï (1967) ti Jean-Pierre Melville, The Day of the Jackal (1973) ti Fred Zinnemann àti Léon (1994) ti Luc Besson, apànìyàn ni olú ẹ̀dá ìtàn. Kámẹ́rà ń bá a gbé. Ó ń wo bó ṣe ń tọ́jú ìbọn rẹ̀, bó ṣe ń dá jẹun, bí Léon ṣe ń fi aṣọ nu ewé òdòdó inú ìkòkò rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ lè má hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Fíìmù Yorùbá yí i po. Agbanipa rẹ̀ kì í sábà ní ju orúkọ ìnagijẹ lọ, kò nílé, kò níyàá, ẹni tó rán an ni òǹwòran sì ń ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún: orí òwe yìí ni wọ́n mọ agbanipa wa lé.

Ìran tó ti kọ́kọ́ máa ń jáde ti mọ́ òǹwòran lára. Ní Ṣáṣá, Àkọwọ́njọ àti Ẹgbẹ́dá ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, bí i ní gbogbo Èkó, ìdílé tó ti ń yá kásẹ́ẹ̀tì wò kí síídì tó dé, tó sì ń wo YouTube lórí fóònù báyìí, mọ̀ ọ́n lórí. Jíìpù dúdú dúró síbi tó dá. Nínú rẹ̀ ni ìyàwó kékeré, tàbí olóṣèlú, tàbí àbúrò olóògbé tó fẹ́ jogún, jókòó sí ẹ̀yìn. Ọkùnrin méjì tó fi jíǹgí dúdú bojú wọlé sínú ọkọ̀. Àpò ìwé kan ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn: àwòrán ẹnìkan wà nínú rẹ̀, owó sì wà lẹ́yìn àwòrán. "Ìdajì nìyẹn. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ wá gba ìyókù." "Ẹ lọ fọkàn balẹ̀, màdáámù. Ẹ kà á sí òkú." Bí agbanipa ti ń kawó, kámẹ́rà kì í dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, ojú màdáámù ló ń padà sí, níbi tí ẹ̀rù àti ìkùgbù ti ń jà. Ibẹ̀ gan-an ni ìpànìyàn ti wáyé nínú fíìmù Yorùbá. Ìbọn tó máa dún lẹ́yìn náà kàn ń mú ọ̀rọ̀ ṣẹ ni.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà méjì ni ìtàn sábà máa ń gbà. Ó lè jẹ́ pé agbanipa wo àwòrán náà, ó rí i pé ẹni tó ràn án lọ́wọ́ nígbà kan ni wọ́n ní kó lọ pa. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ ẹni tó ránni ló gbé ọkọ̀ ọ̀tá ìyá rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà, tí ọta ìbọn sì bá a. Ọ̀nà kejì yìí ti gbó. Òǹkọ̀wé tó bá ti rẹ̀ ló máa ń sá sí i, nítorí ó ń fi èèṣì ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ìwà ẹ̀dá ìtàn ṣe. Àkọ́kọ́ níyì ju ìyẹn lọ, torí pé fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, agbanipa di ènìyàn tó gbọ́dọ̀ yàn. Òfin 85 ti ọdún 1993, tó dá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò jẹ́ kí fíìmù gbé ìwà ọ̀daràn ga, ṣùgbọ́n kódà láìsí òfin, ìgbàgbọ́ nínú ẹ̀san ì bá ti fa ẹni tó ránni jáde kí fíìmù tó parí.

Ìtàn gidi kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé ní òru ọjọ́ 30 oṣù Okúdù, ọdún 1874, àwọn ẹrú méjì gba òkè àjà wọ yàrá Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, wọ́n sì pa á lójú oorun. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, ló wà nídìí ọ̀ràn náà, Kúmúyìlọ́ tí Ìyálóde gbà ṣọmọ sì ni wọ́n lò láti fi owó fa ojú àwọn ẹrú mọ́ra. Nígbà tí ìlú gbaná jẹ, ẹrú méjèèjì ni wọ́n pa. Látòósà kò kúrò lórí oyè. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré lé ìtàn yìí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1970, ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá sì sọ ọ́ di sinimá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nínú eré náà, a kò rí àwọn ẹrú orí àjà mọ́. Látòósà kó ogun wá ní gbangba, Ẹfúnṣetán sì gbé májèlé jẹ. Ikú yìí bá ìgbéraga obìnrin náà mu, ó sì mú kí òpin eré náà gbóná lórí ìtàgé. Ṣùgbọ́n ó fọ Látòósà mọ́: ẹni tó ránni lóru di olùgbàlà lójú ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ti bá Akínwùmí Ìṣọ̀lá wí pé ó fi ìkà kun Ìyálóde ju bó ṣe yẹ lọ; bí a bá fi ti agbanipa wò ó, ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀yọ́ àtijọ́ tilẹ̀ ní ìlànà tí kò nílò agbanipa. Bí Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ afọbajẹ, bá ti gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ fún Aláàfin, ó ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ kú. Ìlànà yìí ni Baṣọ̀run Gáà, olórí wọn, sọ di ohun ìjà, tí Adébáyọ̀ Fálétí fi kọ eré, tí Bọ́lánlé Austen-Peters sì gbé jáde lọ́tun nínú fíìmù House of Ga'a ní 2024.

Kí ìbọn tó gba ipò, oògùn ni agbanipa ń lò. Nínú eré tẹlifíṣọ̀n Àrélù ti Jímọ̀ Àlíù, níbi tí Fádèyí Olóró ti di ẹni tí àwọn ọmọdé ń sá wọ abẹ́ àga fún, ọfọ̀ ló ń ṣáájú ikú. Ti àpèta tún yàtọ̀. Oníṣègùn pe orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ pa sínú àwo omi tàbí dígí. Nígbà tí àwòrán rẹ̀ bá yọ, wọ́n ta á lọ́fà, ẹni tó wà ní ìlú mìíràn á sì ṣubú. Irú ìran yìí bá sinimá mu gan-an. Gígé àwòrán láti ibì kan sí ibì kejì ló so ọwọ́ tó tafà mọ́ àyà tó gbọgbẹ́, kò sì ná olùdarí ju àwo omi kan lọ. Túndé Kèlání gbé èrò náà síwájú nínú Thunderbolt: Mágùn (2001), láti inú ìtàn tí Fálétí kọ. Yínká fura sí Ngozi, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Igbo, mágùn sì wọ ara obìnrin náà. Ọkùnrin tó bá sún mọ́ ọn á kú, bẹ́ẹ̀ ni òun náà á kú bí ọjọ́ bá pé. Ngozi di agbanipa láìgbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Nínú gbogbo ìpànìyàn inú sinimá wa, èyí ló burú jù.

Ṣaworoidẹ (1999) ti Kèlání àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló fi agbanipa àti ẹni tó rán an sí ojú ìwọ̀n kan náà. Lápitẹ́, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, fi ìbọn kọ ètùtù tó yẹ kó so ọba Jogbo mọ́ adé àti ìlù, ó sì rán àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ láti pa ìdílé ẹni tí oyè tọ́ sí. Àwọn tó rán kò lórúkọ tí òǹwòran lè rántí. Nígbà tí ọ̀gágun Lágàta gbàjọba tó sì dé adé náà, ìlù Ṣaworoidẹ dún, adé sì pa á lórí ìtẹ́. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Májẹ̀mú tí ìlú ti dá látayébáyé ló rán ìlù níṣẹ́. Ní ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò sí òǹwòran tí wọ́n ní láti túmọ̀ ìran yẹn fún.

Ó ku apànìyàn tí ẹnikẹ́ni kò rán. October 1 (2014) ti Kúnlé Afọláyan ní irú rẹ̀: ọmọ ọba Adérópò, tí Démọ́lá Adédọ́yìn ṣe, ń pa àwọn ọ̀dọ́bìnrin ìlú Akote nígbà tí òmìnira 1960 ń bọ̀. Apànìyàn irú èyí ni sinimá Amẹ́ríkà máa ń fi sílẹ̀ láìsí ìdí. Afọláyan kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá ẹni tó rán Adérópò rí: àlùfáà tó bà á jẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Àwọn kan ka ìdáhùn yìí sí èyí tó rọrùn jù, ṣùgbọ́n ó bá àṣà eré wa mu pátápátá.

Láti 2018, owó ti pọ̀ sí i nínú iṣẹ́ sinimá, agbanipa sì ti ní aṣọ àti orúkọ tó dún. Nínú King of Boys ti Kẹ́mi Adétiba, Ẹniọlá Salami, tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe, ní àwọn tó lè rán. Ade Tiger ń tẹ̀ lé e bí òjìji. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, Ẹniọlá fúnra rẹ̀ kúrò láàrín àlejò níbi àríyá, ó fi òòlù lu ọkùnrin kan, ó sì padà sóde ijó. Ẹni tó ń ránni jẹ́ iṣẹ́ ara rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ojú rẹ̀ kò fi kúrò lọ́kàn ẹni tó bá wò ó. Makanaki inú fíìmù kan náà, tí olórin Reminisce ṣe, jèrè láti inú èdè àdúgbò tó ń sọ ju láti inú ìbọn rẹ̀ lọ. Nínú Jagun Jagun (2023), Ògúndìjì tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣe sọ ogun jíjà fún àwọn ọba di òwò, Àgẹmọ tó ń pè jáde sì ń pànìyàn láìsọ̀rọ̀.

Gangs of Lagos ti Jáde Oṣíbẹ́rù, tó jáde ní oṣù Igbe ọdún 2023, ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Ọbalọlá, tí Tobi Bakre ṣe, ń jẹ́ iṣẹ́ ikú fún Kazeem, ọ̀gá jàǹdùkú Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń di olóṣèlú, títí ìránṣẹ́ fi kọjú sí ẹni tó rán an. Ohun tó bí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó nínú ni pé àwọn apànìyàn inú fíìmù náà wọ agọ̀ Ẹ̀yọ̀. Bí iṣẹ́ ọnà, èrò náà lágbára: aṣọ funfun, ojú bíbò, èrò rẹpẹtẹ. Ibi tó ti ṣìnà ni akẹtẹ̀. Ẹ̀yọ̀ kì í jáde láìní igà, ìyẹn ilé olóyè. Àwọ̀ akẹtẹ̀ orí rẹ̀ ni ọmọ Èkó fi ń mọ ilé tó rán an jáde. Fíìmù tó sọ ọ́ di ìbòjú lásán ti fi ẹni tó ránni pamọ́ síbi tí àṣà ti fi í hàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóde wà lẹ́yìn gbogbo èyí. Bọ́ǹbù inú létà pa Délé Gíwá, olóòtú Newswatch, ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 19 oṣù Ọ̀wàrà 1986. Wọ́n yìnbọn pa ajàfẹ́tọ̀ọ́ Kúdíràtù Abíọ́lá ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù Okúdù 1996. Ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ikú lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 2012, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fagi lé e ní 2013. Wọ́n pa Bọ́lá Ìgè, mínísítà ètò ìdájọ́, nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀pẹ 2001, wọ́n sì pa olóṣèlú Fúnṣọ́ Williams ní Ìkòyí ní ọjọ́ 27 oṣù Agẹmọ 2006. Àwọn tó mọ ìròyìn wọ̀nyí ló ń ra fíìmù tí ẹni tó ránni ti máa ń jẹ́wọ́ ní ìparí apá kejì. Ní ti Gíwá, Ìgè àti Williams, ilé ẹjọ́ kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé òun ló ránni.