Àrokò Dasalu àti Ìtumọ̀ tí Gollmer Fún Un

Ní ọdún 1885 ni àlùfáà C. A. Gollmer kọ ìwé kúkúrú kan fún àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, nípa bí àwọn baba wa ti ń fi ohun kékeré jẹ́ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ara wọn, èyí tí a ń pè ní àrokò. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni. Ṣùgbọ́n òun pẹ̀lú Townsend àti Crowther ni wọ́n jọ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845, ó gbọ́ èdè wa, ó sì pẹ́ láàárín wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ mo ní ọ̀rọ̀ kan bá a sọ, èyí nì pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí a gbàgbé ẹni tí ó rán iṣẹ́, kí a máa wo kìkì ohun tí a rán.

Èyí tí ó dára jù nínú gbogbo àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ti John Baptist Dasalu, Kristẹni ará Abẹ́òkúta, tí ogun Dàhọ̀mì mú ní ìkọlù ọdún 1851. Láti inú ìgbèkùn ni ó ti pa àrokò ránṣẹ́ sí aya rẹ̀: òkúta, èédú, ata, àgbàdo, àti àkísà. Gẹ́gẹ́ bí Gollmer ti tú u, òkúta ní ara òun le. Èédú ní ohun tí ń bẹ níwájú òun ṣókùnkùn. Ata ní ọkàn òun ń ta òun. Àgbàdo ní ìpọ́njú ti mú òun gbẹ. Àkísà ní aṣọ ọrùn òun ti gbó tán.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ohun tí ó wọ̀ mí lára ni pé òkúta ni ó ṣáájú. Ọkùnrin kan wà lọ́wọ́ ọ̀tá, kò mọ̀ bóyá ọ̀la yóò bá òun láàyè, síbẹ̀ ó kọ́kọ́ fi ọkàn aya rẹ̀ balẹ̀ pé ara òun le, bí gbogbo wa ti ń ṣe nínú lẹ́tà kí a tó rojọ́ ohunkóhun. Mo ti sọ èyí fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìtara. Ó pẹ́ kí n tó rò ó pé ẹrù dídì kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá sín nǹkan sínú okùn, a lè mọ èyí tí ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí a bá dì í pọ̀, nígbà tí a bá tú u, ohun gbogbo a dà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Gollmer ni ó kọ òkúta ṣáájú. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ òǹkọ̀wé ni ìtùnú tí mo rí níbẹ̀ ti wá, kì í ṣe ọwọ́ òǹdè.

Àkísà náà tún ń kọ mí lóminú. Òkúta àti ata kò lè rìn jìnnà láìdì. Bí ó bá jẹ́ pé àkísà yìí ni a fi di ìyókù, ǹjẹ́ a lè fi ọkàn kan sọ pé Dasalu fẹ́ kí ó sọ̀rọ̀? Ẹ jẹ́ kí a gbà pé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tó ni ó fà ya. Ǹjẹ́ àkísà náà yadi nìyẹn? Rárá o. Obìnrin tí ó mọ aṣọ tí ọkọ rẹ̀ wọ̀ jáde lọ́jọ́ ogun yóò wo àkísà yìí, yóò sì ti mọ ohun púpọ̀ kí ó tó kan òkúta. A lè fi òkúta tan ènìyàn: ẹni tí ara rẹ̀ kò le lè fi òkúta ránṣẹ́ kí ilé má baà dàrú. Àkísà tí a kò rán níṣẹ́ kò mọ irọ́ í pa.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan fi òtítọ́ hàn, ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn fi í sọ̀rọ̀. Ẹ wo èédú. Wọ́n ta Dasalu sọdá òkun lọ sí Kúbà lẹ́yìn náà, Ẹgbẹ́ C.M.S. bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nítorí rẹ̀, a dá a sílẹ̀, ó sì padà wá sílé. Ẹni tí ó mọ èyí yóò fẹ́ sọ pé èédú ti sọ tẹ́lẹ̀ nípa òkùnkùn ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dasalu kò mọ̀ nípa ọkọ̀ kankan nígbà tí ó mú èédú. Àwa tí a mọ òpin ìtàn ni a ń fi ọ̀rọ̀ sí èédú lẹ́nu.

Lórí owó ẹyọ, Gollmer kọ ọ́ pé ẹyọ mẹ́fà lè dúró fún ìfẹ́, nítorí pé nínú ẹ̀fà ni a ti gbọ́ fà, bí ọkàn ẹnìkan ti ń fà sí ẹlòmíràn. Ó tọ́, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n owó ni a ń fi ẹyọ ná nígbà náà, ẹyọ mẹ́fà tí ó wà lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ kò sì fa ẹnikẹ́ni mọ́ra. Àfi bí a bá sín in, tí ẹnìkan fi rán sí ẹnìkan, tí àwọn méjèèjì sì gbọ́ Yorùbá. Fún ẹni tí kò gbọ́ èdè wa, iye lásán ni mẹ́fà.

Ní Ìlọrà níhìn-ín, ní ọ̀nà oko kan níhà Fìdítì, mo rí ìdì igi ìdáná lẹ́bàá ọ̀nà, ògbólógbòó bàtà kan sì wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó bá mi rìn yà fún un. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Tíṣà, ààlè ni, ẹ má fọwọ́ kàn án o.” Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń gba ibẹ̀ kọjá, kò sì sí ẹni tí ó mú ẹyọ igi kan. Ní ọjọ́ kẹrin a bá ìyá àgbà tí ó ni igi náà níbẹ̀, mo sì sọ fún un pé ààlè rẹ̀ mú. Ó rẹ́rìn-ín. “Ààlè wo, Tíṣà? Okùn bàtà mi ni ó já, mo sọ ọ́ síbẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn délé.”

Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta wọ̀nyí, ta ni ó ń bá wa sọ̀rọ̀? Kò sí ẹnikẹ́ni. Ìyá kò gbèrò rẹ̀, bàtà kò mọ̀, síbẹ̀ a gbọ́, a sì gbọ́ràn. Gollmer kò fi àyè sílẹ̀ fún irú èyí, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí àrokò ni ó ń kọ̀wé lé lórí, àrokò kò sì sí láìsí ẹni tí ó pa á. Àwa tí a ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ni ó yẹ kí a ṣọ́ra. Nígbà tí ọmọ bá wí fún wa pé òwìwí ké lóru, tàbí pé alángbá ń mi orí sí òun, “Ta ni ó rán an?” ni kí a kọ́kọ́ bi í, kí a tó bi í pé kí ni ó túmọ̀ sí.

Ìyá náà kò lè ru igi yẹn tán lọ́jọ́ náà. Ó di èyí tí agbára rẹ̀ ká, ó ku ìdajì nílẹ̀. Bí ó ti fẹ́ máa lọ, ó tún bojú wẹ̀yìn, ó wo bàtà náà níbi tí ó bọ́ sí, ó bẹ̀rẹ̀ mú un, ó sì gbé e padà sórí igi tí ó kù.