Àwòṣe Marmousi Gẹ́gẹ́ Bí Òṣùwọ̀n: Àtúnyẹ̀wò Kan

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí. Ó ti di àṣà láàrin àwọn tí ń ṣe àwòṣe ìyára ìgbì lábẹ́ ilẹ̀ láti kọ ọ́ pé: ‘A dán ọ̀nà wa wò lórí Marmousi, ó sì yọrí.’ Èrò tiwa ni pé gbólóhùn yìí kì í ṣe ẹ̀rí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ohun tí ó mú iṣẹ́ náà le. A ń rán ìgbì wọ inú ilẹ̀, àpáta ń dá a padà, ẹ̀rọ sì ń gba ìró náà sílẹ̀. Àkókò ni ẹ̀rọ mọ̀. Kò mọ bí ibẹ̀ ti jìn tó. Kí a tó lè sọ àkókò di jíjìn, a gbọ́dọ̀ mọ ìyára. Bẹ́ẹ̀ kí a tó mọ ìyára, àwòrán àwọn ìpele àpáta kan náà ni a óò tún yẹ̀ wò. Èyí ń dúró de tọ̀hún.

Ní 1988 ni Institut Français du Pétrole ṣe Marmousi. Láti agbègbè North Quenguela, ní Cuanza ní orílẹ̀-èdè Àǹgólà, ni wọ́n ti mú ìrísí rẹ̀. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 9.2, ó sì jìn tó kìlómítà 3. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣírò ìró tí yóò jáde láti ojú ibi 240. Fún ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Copenhagen ní 1990, ìró náà ni wọ́n pín fún àwọn olùkópa. Wọ́n fi àwòṣe gan-an pamọ́. Àlọ́ àpamọ̀ gidi ni Marmousi nígbà náà. Lónìí, kò sí ọmọ tí kò tíì gbọ́ ìtumọ̀ àlọ́ náà.

Ohun tí ó burú jù ni ti àwòṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí Albert Tarantola gbé kalẹ̀ ní 1984, èyí tí ń fi odidi ìgbì tí a gbà wé èyí tí a ṣírò, kò lè ṣe kó má ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni ọ̀pọ̀ ń ṣe? Wọ́n á mú àwòṣe tòótọ́, wọ́n á fi ìṣirò pa gbogbo etí rẹ̀ rẹ́, wọ́n á sì wí pé ibẹ̀ ni àwọn ti bẹ̀rẹ̀! Bí ìgbì bá rin mítà 6000 nínú àpáta tí ìyára rẹ̀ jẹ́ mítà 3000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú-àáyá 2 ni yóò lò. Bí a bá fi ìdá 6 nínú 100 ṣi ìyára náà, àkókò yóò yẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 0.1 lọ. Fún ìgbì tí ń mì ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdajì mímì kan nìyẹn. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, mímì mìíràn ni ìṣirò yóò dì mú, yóò sì máa fi ìdánilójú lọ síbi tí kò yẹ. Àwòṣe tòótọ́ tí a pa etí rẹ̀ rẹ́ kì í sábà ṣìnà tó bẹ́ẹ̀. Ewu tí ó yẹ kí a dán wò gan-an ni wọ́n ti kó kúrò lọ́nà.

Àwọn akẹgbẹ́ wa kan ń wí pé Marmousi jọ Niger Delta, nítorí pé àwọn méjèèjì ní ibi tí àpáta ti ya tí ó sì ń yọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹrọ̀fọ̀ ti ń kó jọ lé e lórí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìjọra náà kò dé ìsàlẹ̀. Nínú àpáta alámọ̀ Akata, tí omi há mọ́ lábẹ́ ẹrù wúwo, ìyára a máa lọ sílẹ̀ níbi tí a ti retí pé kí ó ga sí i. Marmousi kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìyẹn.

A kò wí pé kí a sọ ọ́ nù. Ó dára fún mímọ̀ bóyá ìlànà tí a kọ fún kọ̀ǹpútà ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá gbé ọ̀nà tuntun wá sí sẹ́mínà yìí, kí ó sọ ibi tí ó ti rí àwòṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó sì fi hàn wá bí a ti lè bà á jẹ́ tó kí iṣẹ́ náà tó dàrú. Yóò sì dára bí ẹlòmíràn bá bá a ṣe àwòṣe tí yóò fi dán an wò, tí kò sì fi hàn án títí yóò fi parí.