Bùrọ̀dá àti Arákùnrin: Ọ̀rọ̀ Ìbátan Kan ní Ẹ̀bá Ààlà

Ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní ‘bùrọ̀dá’ kò ní orúkọ rere lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè Yorùbá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ sínú àròkọ, bírò pupa ni wọn yóò fi fa igi lé e, wọn yóò sì kọ ‘arákùnrin’ sí òkè rẹ̀, nítorí pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni bùrọ̀dá, ọmọ ilé sì ni arákùnrin. Ó yẹ kí a tún ìdájọ́ yìí gbé yẹ̀ wò. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, èyí tí wọ́n ń pa rẹ́ ni ó sún mọ́ ìrònú Yorùbá ju èyí tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ‘brother’, ti pẹ́ láyé. Òun àti ‘Bruder’ ti àwọn ará Jámánì, ‘frater’ ti èdè Látìn, àti ‘bhratar’ ti àwọn ará Íńdíà àtijọ́, orísun kan náà ni gbogbo wọn ti ṣàn wá. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni ẹ̀kọ́ wà. Wọ́n ní ‘phrater’, tí ó jẹ́ ìbátan àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọn kò fi pe ọmọ ìyá ẹni mọ́. Ẹni tí ó bá ènìyàn wà nínú agbo ìdílé kan ni wọ́n ń fi pè. Ọ̀rọ̀ mìíràn, ‘adelphos’, ni wọ́n mú fún ọmọ ìyá, ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ sì ni ẹni tí ó ti inú ilé ọmọ kan náà jáde. Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí iyèkan ni Gíríìkì ń sọ.

Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ ìdílé kan ṣoṣo tí ó dúró fún ‘brother’, kò sì sí ìtìjú nínú èyí. Ìbéèrè tí Gẹ̀ẹ́sì ń bèèrè ni pé, akọ ni tàbí abo? Ti Yorùbá ni pé, ta ni ó kọ́kọ́ dé? Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò. William Bascom, ará Amẹ́ríkà, ti kọ nípa ipò àgbà láàrin Yorùbá ní 1942. Ní 1997, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè kejì ti Yorùbá ni pé, ìyá ni ó pa wọ́n pọ̀ ni, tàbí bàbá? Iyèkan àti ọbàkan ni ó ń dá èyí lóhùn, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà.

Nígbà tí ‘brother’ wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò lè wà bí ó ti wà. Ní Ìláró tàbí ní Ayétòrò, kò sí ẹni tí yóò pe àbúrò rẹ̀ ní bùrọ̀dá láìjẹ́ pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbà ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ilé ni ẹlẹ́rìí tí ó dára jù. Obìnrin tí ó ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún lè máa pe àbúrò ọkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní bùrọ̀dá, bí àwọn ìyá rẹ̀ ti ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Akọ̀wé tàbí Adúmáradán. Ọmọ náà ti wà nínú ilé kí ìyàwó tó dé. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni a fi ń ka ọjọ́ orí ìyàwó nínú ilé ọkọ. Kò sí ‘brother’ kankan nínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé irú ẹrù yìí rí.

Ilẹ̀ Yewa, tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995, ni ibi tí ó yẹ kí ènìyàn ti dán èyí wò. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 fi Ìláró, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ sí apá kan, ó fi Kétu, Pobẹ̀ àti Ṣakété sí apá kejì. Àwọn ọmọ ẹbí kan náà kọ́ èdè àlejò méjì. ‘Frère’ tí àwọn ti ìhà ọ̀hún gbà kò sọ àgbà, kò sọ ọmọdé. Kí ni wọ́n ṣe? Bí àwọn èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ń sọ Faransé ti ń ṣe, ‘grand frère’ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n, ‘petit frère’ ni àbúrò. Àwọn ti ìhà yìí sọ pé ‘senior brother’. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì a sì pa á rẹ́, a ní ‘elder brother’ ni ó tọ́. Òótọ́ sì ni, ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gọ̀. Ẹ̀gbọ́n ni ó ń wá, kò sì rí i.

Ó kù kí a wo ‘arákùnrin’. Ará ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, bí ará ilé àti ará ìlú. A wá fi ọkùnrin kún un. Phrater ni èyí, kì í ṣe adelphos. Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ènìyàn. Kò yẹ kí a dá wọn lẹ́bi jù. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n ń túmọ̀ gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí Ábúráhámù fi pe Lọ́ọ̀tì, ọmọ tí ọmọ bàbá rẹ̀ bí, ní ọ̀kan náà, ìjọ tuntun sì nílò orúkọ tí kò fi ẹnikẹ́ni ga ju ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn Kéènì àti Ábélì. Pé ènìyàn pa arákùnrin rẹ̀ burú. Pé ẹ̀gbọ́n pa àbúrò, ẹni tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́, ohun mìíràn ni létí Yorùbá, nítorí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n gan-an ni Kéènì ń sẹ́ nígbà tí Ọlọ́run bi í léèrè. Ìtumọ̀ náà gba ọgbẹ́ yìí lọ́wọ́ ìtàn.

Nínú ilé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ irú èyí a máa di owó. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí ó ti Èkó wá, dá lé ogún ọkùnrin kan tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-ò-jorí ni kí wọ́n fi pín in. Ilé ẹjọ́ gíga ti àpapọ̀ yí i padà ní 1958 pé ìdí-igi ni, ìgbìmọ̀ adájọ́ ti Ọba Ìlú Òyìnbó sì fọwọ́ sí i ní 1962. Bí ‘brother’ àti ‘sister’ nìkan ni a bá ní lẹ́nu, ọmọ mẹ́sàn-án ni à ń rí. Iyèkan ni ó ń fi ìdí mẹ́rin hàn.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ‘bùrọ̀dá mi’, kí olùkọ́ bi í bóyá ẹ̀gbọ́n ni ó ní lọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó kọ ẹ̀gbọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ìyàwó ilé inú àròkọ náà ni ó ń pe ọmọ ọkọ rẹ̀, kí bírò pupa dúró sínú àpò, kí bùrọ̀dá sì wà níbẹ̀.